Owó Lẹ́tà

Yúrò méjì ni mò ń gbà lórí lẹ́tà kan
ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀, ní Görlitz,
níbi tí odò Neisse ti pín ìlú sí méjì
bí ẹni fi ọ̀bẹ la búrẹ́dì.
Idẹ ni mò ń fín.
Orúkọ lọ́yà, orúkọ òkú,
orúkọ ajá kan rí, tí olówó rẹ̀ ò lè sọ̀rọ̀ tán.
Ṣùgbọ́n lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí,
àwọn tó ń tọ́jú ọkàn ló ń kanlẹ̀kùn mi jù.

Wiebke Ahlers dé nínú oṣù Èrèlé, yìnyín lórí bàtà rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ló fi kàwé, ìdánwò gun orí ìdánwò.
Ó tẹ́ ìwé àṣẹ ìjọba sórí tábìlì
pẹ̀lú ìka méjì, bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.
Ọ̀rọ̀ méjì péré ló fẹ́ lábẹ́ orúkọ rẹ̀:
ONÍṢÈGÙN ỌKÀN.
Lẹ́tà méjìlá. Yúrò mẹ́rìnlélógún.

Ìyáàfin Kulke dé lọ́jọ́ kejì.
Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ogún ọdún
lẹ́bàá ibùsùn àwọn tí ilẹ̀ ò ní mọ́ bá.
Ìdánwò kan ló ṣe ní ọ́fíìsì ìlera, ó sì yege.
Òfin ní kó jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́,
òfin ò ní kó jẹ́ oyè kúkúrú yẹn.
Tirẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko:
OLÙWÒSÀN TÍ A GBÀ LÁÀYÈ, NÍPA ÌTỌ́JÚ ỌKÀN NÌKAN.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà méjìdínlógójì.
Ojú tì mí láti dá iye.
Ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kéré, òun ni lẹ́tà rẹ̀ pọ̀!
Ó rẹ́rìn-ín, ó ka owó sílẹ̀, yúrò mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.
“NÌKAN yẹn,” ó ní, “fín in kó jinlẹ̀.
Òun ló ń sọ fún mi ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ dúró,
kí n gbé fóònù, kí n pe dókítà.”

Lẹ́yìn náà ni Falko Strehle wọlé, lọ́fínńdà rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.
Kọ́ọ̀sì òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
ìwé ẹ̀rí aláwọ̀ góòlù tí etí rẹ̀ ò tíì gé dọ́gba.
“Fún mi ní ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ta ni yóò mọ̀?
N óò san ìlọ́po mẹ́ta.”
Owó ilé oṣù méjì wà lọ́rùn mi.
Mo wo irinṣẹ́ mi. Mo wo ọwọ́ mi.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Gudrun àbúrò mi ka pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà,
ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún kẹsàn-án rèé.
Ó gba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ gbọ́, ó gòkè àtẹ̀gùn.
Ẹni tó bá lókè ní kó da oògùn rẹ̀ nù,
pé ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti tó o.
Ó dà á nù.
Odò tó pín ìlú wa kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ta ló fín pátákó náà?
Èmi ni.
N ò béèrè ìwé. Lẹ́tà ni mo kà.

Mo dá góòlù Falko padà fún un.
Ó bú mi, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí,
òtútù wọlé, ó jókòó.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ìyá àgbà Brendel
máa ń gbé pátákó ọkọ rẹ̀ wá kí n dán an.
Kò dọ̀tí.
Mò ń dán an. Ó ń sọ̀rọ̀.
N kì í dá a lóhùn ju “bẹ́ẹ̀ ni” lọ.
Bó bá ti sunkún tán, á béèrè iye,
èmi á ní ọ̀fẹ́ ni, epo idẹ ò wọ́n.
Lórí ilẹ̀kùn tèmi, AFÍNDẸ ni wọ́n kọ.
Lẹ́tà mẹ́fà.
N ò fi ìkankan kún un.